Orin Ìkórè Tó Ti Ẹ̀stóníà Wá

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo kí yín tayọ̀tayọ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fi ohùn sí wa lọ́fun, tí kò sì jẹ́ kí ti ẹnì kan jọ ti ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí Ẹgbẹ́dá.

Títí, olórí akọrin ìjọ Áńgílíkà kan níbẹ̀, ń wá orin lórí fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ni fóònù bá gbé èyí tí kò bèèrè síwájú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Liisu, ará Ẹ̀stóníà, ló ń kọ ọ́ ní èdè tí Títí kò gbọ́ rí. Títí gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn olórin Látífíà, ó dé Mọ̀ldófà; ọbẹ̀ ń jóná, kò mọ̀. Ṣùgbọ́n orin Liisu ni kò kúrò létí rẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ Sáàmù sí ohùn náà, ó sì fi kọ́ àwọn akọrin fún Ìkórè.

Fíkà, àlùfáà ìjọ náà, gbọ́ ọ, inú wọn dùn. “Sísítà Títí, ẹ̀yin lẹ kọ èyí?”

Títí rẹ́rìn-ín. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé, ìwé ètò ìsìn dé láti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ní Ìyànà Ìpájà: “Orin Ìkórè, láti ọwọ́ Títí Ògúndárè.” Títí jókòó, ó dìde. Ó kó ìwé sínú àpò, ó tún kó o jáde. Òfin kẹjọ, “Ìwọ kò gbọdọ̀ jalè,” ń dún láyà rẹ̀ ju orin lọ.

“Kí ló dé tí o ń rìn káàkiri bí adìyẹ tó ń wá ibi yé sí?” Màmá Matilda ló bèèrè, àgbà jù lọ nínú àwọn akọrin.

“Màmá, orin yẹn kì í ṣe tèmi. Ọmọ Ẹ̀stóníà kan ló ni ín.”

“Ẹ̀stóníà? Àìsàn ni àbí oògùn?”

“Ìlú òyìnbó ni, mà. Ẹ̀gbẹ́ Rọ́ṣíà ló wà.”

“Ta ló máa wá mọ̀ ní Ẹgbẹ́dá níbí jàre?”

“Èmi mọ̀, mà.”

Màmá tú báàgì wọn, wọ́n mú báírò méjì jáde. “Ìwé yẹn tó mélòó?”

“Igba.”

“Háà! Títí, o ò bá ti jẹ́wọ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́!”

Ni àwọn méjèèjì bá jókòó. Wọ́n fa ìlà lé orúkọ Títí lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Liisu, ará Ẹ̀stóníà, ló ni ohùn.”

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, Títí lọ kúnlẹ̀ níwájú Fíkà, ó jẹ́wọ́. Fíkà wo ìwé náà títí.

“Ẹ ò bá ti sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn.”

“Ẹ dárí jì mí, sà.”

Fíkà ká ìwé náà sínú Bíbélì wọn, wọ́n sì wọlé lọ. Ọkàn Títí kò balẹ̀ títí ìsìn fi dé ibi àdúrà ẹ̀bẹ̀, tí Fíkà gbóhùn sókè: “Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún orílẹ̀-èdè Ẹ̀stóníà, àti fún ọmọbìnrin wa, Liisu.”

Gbogbo ìjọ ń wojú ara wọn. Màmá Matilda nìkan ló ké pé, “Àmín ńlá!”

Títí gbé ọwọ́ sókè sí àwọn akọrin. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ orin Liisu.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á, Olúwa kò ní jẹ́ kí orúkọ yín wà níbi tí iṣẹ́ ọwọ́ yín kò sí. Kò sì ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ yín wà níbi tí wọn kò ti ní dárúkọ yín. Àmín.