Ọrùn Tó Di Ọrun

"Ta ló kọ́ ẹ? Mo ní ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́, Tinúkẹ́?"

Bàbá Ayọ̀kúnmi ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lé mi lórí nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Igbó-Ọrà, ní ìdánrawò Ọjọ́rú, tí gbogbo akọrin ń wò wá. Ó na ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè kí wọ́n lè rí ibi tí okùn gìtá tí mo ṣe ti bó o láwọ. Zachariah lorúkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun sì ni olórí àwa tí à ń lo ohun èlò orin.

Mo ní ọwọ́ mi ló kọ́ mi. Ó ní ọwọ́ tí kò ní ọ̀gá, igi ìdáná ló lè ṣẹ́. Mo wá bi í pé ta ni ọ̀gá ẹni tó kọ́kọ́ ṣe gìtá láyé. Àwọn akọrin bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló sì dùn ún ju ìka lọ.

Ohun tó fa ìjà nìyí. Gìtá ṣọ́ọ̀ṣì ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ìkórè sì ku ọjọ́ mẹ́rin. Bàbá Ayọ̀kúnmi fẹ́ kí a lọ yá gìtá ní Ẹ̀rúwà, kí a sì yá ẹni tí yóò ta á mọ́ ọn. Ó pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ta gìtá níbẹ̀. Bí onígìtá àyálò bá fi lè jókòó sórí àga mi lọ́jọ́ ìkórè, tí ìjọ rí i pé ọkùnrin ni, tó wọ kóòtù, àga náà bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe gìtá fúnra mi. Pátákó ilẹ̀kùn ni mo fi ṣe ara rẹ̀. Igi máńgòrò tí ìjì wó lẹ́yìn ilé wa ni mo fi gbẹ́ ọrùn. Irin agboòrùn ni mo gé wẹ́wẹ́ tò sórí ọrùn náà. Òòfà inú sípíkà tó ti kú àti wáyà inú fáànù ni mo fi ṣe ohun tó ń gbé ohùn lọ sínú anfílífáyà. Ó sì dún.

Màmá Olúwayẹ́misí, ìyàwó pásítọ̀, ló dá ẹjọ́ náà. Ó ní bí gìtá mi bá dára kó tó di ọ̀sán Sátidé, òun la ó lò. Bí kò bá dára, kí wọ́n kọrí sí Ẹ̀rúwà.

Kí n má purọ́, bàbá náà kò parọ́ mọ́ gìtá mi. Okùn rẹ̀ ga. Láàárín ọrùn, ṣóńṣó ìgbálẹ̀ mẹ́ta tí mo tò léra ló wọ abẹ́ okùn láìfara kàn án. Bí èèyàn bá sì tẹ okùn tó ga tó bẹ́ẹ̀, ohùn á gòkè ju bó ṣe yẹ lọ, orin ìyìn á wá dà bí ewúrẹ́ tí wọ́n fà létí.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo rẹ irin ìdí tí okùn gùn sílẹ̀. Okùn ṣì ga láàárín. Mo bá fi fáìlì ha egungun màlúù tí okùn ń gbà kọjá ní ẹnu ọrùn. Ni okùn bá ń han bí eṣinṣin inú ìgò, tí àárín sì ga síbẹ̀. Inú bí mi. Mo ní irin ìdí yẹn ló nípọn jù, àfi kí n rí alágbẹ̀dẹ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo fi aṣọ wé gìtá, mo gba ọ̀nà Igangan. Ọlọ́kadà àkọ́kọ́ ní òun kì í gbé ìbọn. Mo ní bó bá jẹ́ ìbọn ni, ṣé òun ni ì bá máa dá iye tí n ó san?

Alágbẹ̀dẹ tí mo lọ bá ń jẹ́ Àjàní, arúgbó ọdẹ tó ń bọ Ògún. Mo ní kó bá mi rọ irin ìdí tó fẹ́lẹ́. Ó gbé gìtá sókè, ó di ojú kan, ó wò ó láti ìdí dé orí bí ẹni ń wo ojú ìbọn.

"Kí lo pe ibí yìí?"

"Ọrùn ni, Bàbá."

"Kì í ṣe ọrùn mọ́. Ọrun ni."

Mo rò pé ahọ́n ló yẹ̀ ẹ́. Ó bi mí pé ohun tó tẹ̀, tí okùn sì so orí rẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, kí ni ọdẹ ń pè é. Mo ní ọrun tí wọ́n fi ń ta ọfà ni. Ó ní igi tútù ni mo gbẹ́, okùn mẹ́fà sì ń fà á tọ̀sán tòru, ó ti tẹ̀, èmi wá ń bá egungun jà. Bí òun bá fi iná nà án lónìí, yóò tún tẹ̀ lọ́la. Àfi ká fi irin sí i nínú.

A tú okùn. Èmi fúnra mi ni mo fi irin ìgbẹ́gi gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́yìn ọrùn náà láti orí dé ìdí, títí ọwọ́ mi fi lé ròrò. Àjàní lu irin tí wọ́n fi ń ṣe wíńdò, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sẹ́yìn, kó lè máa fa igi padà bí okùn bá ń fà á síwájú. A fi gúlù sí i, a lù ú wọlé, a fi rọ́bà táyà dì í mọ́ pákó gbọọrọ. Nígbà tí mo padà lọ ní àárọ̀ Sátidé, tí mo so okùn, ṣóńṣó ìgbálẹ̀ kan wọlé. Èkejì kò ráàyè.

Kí aago méjì tó lù, mo gbé e lé Bàbá Ayọ̀kúnmi lọ́wọ́. Ó ta á lọ sókè, ó ta á bọ̀ nílẹ̀, ó ń wá àléébù bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Kò rí. Màmá Olúwayẹ́misí ní ó ti tó, kí n lọ jókòó sáyè mi. Bàbá Ayọ̀kúnmi kò fi gìtá sílẹ̀. Ó bi mí pé ta ló bá mi tún un ṣe. Mo sọ fún un.

"Àjàní tó ń bọ Ògún?" Ó gbé gìtá sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó nu ọwọ́. "Irin tó bá ti ọwọ́ abọ̀rìṣà jáde kò ní dé iwájú pẹpẹ yìí."

Màmá wolẹ̀. Iwájú pẹpẹ náà ni iṣu ìkórè bàbá yìí wà, ogójì iṣu ńláńlá, ó ti fi ẹfun kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i lára. Mo na ìka sí i.

"Bàbá Ayọ̀kúnmi, ọ̀dọ̀ Àjàní lẹ ti ń ra ọkọ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti dáko sí Igangan. Ọkọ́ rẹ̀ lẹ fi kọ ebè iṣu yìí. Ṣé ká bá yín kó o jáde ni?"