Ó Ń Yínmú sí Mi

Sòkòtò náà wà lórí tábìlì, ẹsẹ̀ méjèèjì nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òsì sì ni àwọn méjèèjì. Ìyá Aránṣọ yí ọ̀kan padà, ó tún yí èkejì, bí ẹni pé bí òun bá yí wọn pẹ́ tó, ọ̀kan yóò gbà láti di ọ̀tún. Aṣọ onílà ni. Ẹni tó bá ń gé irú rẹ̀ kì í ká a po. Yóò tẹ́ ẹ ní ẹyọ kan, yóò fi páálí àwòṣe lé e, yóò gé ẹsẹ̀ òsì, yóò sì dojú páálí náà dé kó tó gé ọ̀tún. Ẹni tó fi oṣù mẹ́ta péré kọ́ iṣẹ́ mọ èyí. Ọkọ rẹ̀ tó ti ń gé aṣọ láti ọdún mẹ́rìndínlógójì, tí àwọn oníbàárà sọ ní Gé-má-tún-gé nítorí pé àlùmọ́gàjí rẹ̀ kì í gba ojú kan lẹ́ẹ̀mejì, ló gbàgbé láti yí páálí.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ wo iṣẹ́ yìí," ó ní.

Ọkùnrin náà wo aṣọ, ó wo ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yínmú sí i: ẹnu àti imú rẹ̀ ká sí apá òsì, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì fò sókè díẹ̀ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ojú rẹ̀ ti padà sípò. "Ta ló gé e?" ó béèrè.

Ìyá Aránṣọ ká aṣọ náà, ó tì í sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì lọ dúró lójú fèrèsé títí ọkàn rẹ̀ fi rọlẹ̀.

Ìjà wọn kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì dá a sílẹ̀. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀, lójú oníbàárà, pé ojú rẹ̀ kò ríran bíi ti àtijọ́ mọ́, kó jẹ́ kí òun máa gé àwọn aṣọ onílà. A kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin tó ń fi ojú jẹun. Ọkọ rẹ̀ dákẹ́ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í yínmú.

Ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan nírọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, kò níye mọ́. Ìyàwó kí i káàárọ̀, ọkọ yínmú. Ìyàwó gbé omi fún un, ọkọ yínmú. Ó yínmú sí ògiri pàápàá. Ti ògiri yẹn ló yẹ kó la Ìyá Aránṣọ lójú, nítorí kí ni ògiri ṣe fún un? Ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí kì í ríran dáadáa. Òun náà kò sì gbẹ̀yìn: bí ọkọ bá ti yín tirẹ̀, ìyàwó á yín tiẹ̀ padà, èyí tó gùn, tó sì kún ju ti ọkọ lọ.

Ọ̀rọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí Ìyá Aránṣọ bá áyọ́ọ̀nù nínú fíríìjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ rẹ̀ béèrè ọjọ́ tí wọ́n wà lẹ́ẹ̀marùn-ún nídìí oúnjẹ kan ṣoṣo. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún ìyá rẹ̀ tó ti kú láti ọdún méjìlá, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ rẹ̀ fún un ni. Ó ní àwọn ọkùnrin méjì kan wà nínú yàrá tí wọ́n ń fi téèpù wọn òun. Ìbínú Ìyá Aránṣọ di ẹ̀rù. Ó pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n jẹ́ akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, èèyàn tó ń fi rúlà fa ìlà sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan, ó sì dá ẹjọ́. Báyìí ni ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára bàbá àwọn, ó ní. Kò lóògùn, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ayé fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Òun á mú un lọ sí yàrá ẹ̀yìnkùlé òun, kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó nawọ́ gba kọ́kọ́rọ́, obìnrin náà sì fún un, nítorí ẹ̀gbọ́n ọkọ ni. Ohun kan ṣoṣo tó kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn. Àìsàn là á wò, ó ní, a kì í wo ikú. Ẹ̀gbọ́n gbà, ṣùgbọ́n kò gbà tọkàntọkàn.

Dókítà tó bá wọn sọ̀rọ̀ kò ju ẹgbẹ́ ọmọ wọn obìnrin lọ, àmọ́ ó ń fetí sílẹ̀ bí àgbà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ya àwòrán ọpọlọ. Lọ́jọ́ kejì ó ní iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ bàbá ti lọ sílẹ̀ jù, àwòrán náà kò sì sọ ohun tó yé òun. Ohun tó ń da òun láàmú ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn; ìgbàgbé ọjọ́ ogbó kì í sáré tó bẹ́ẹ̀. Ó wá yíjú sí Ìyá Aránṣọ.

"Ìyá, ǹjẹ́ ibì kankan wà lára bàbá tó máa ń já tàbí tó máa ń gbọ̀n? Bó ti wù kó kéré mọ."

"Rárá, dókítà."

Irọ́ kọ́ ló pa. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wá sí i lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe àìsàn, ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Ẹ̀gbọ́n sì jókòó síbẹ̀ gbagidi. Ìyàwó wo ni yóò la ẹnu sọ níwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ pé ọkọ òun ń pẹ̀gàn òun látàárọ̀ dalẹ́? Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní bí kò bá sí ohun mìíràn tó yọjú, wọ́n á jẹ́ kí bàbá máa lọ sílé lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e.

Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ yàrá àwọn aláìsàn ló tú ọ̀rọ̀ náà. Ó gbé garawa rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kí Gé-má-tún-gé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, Gé-má-tún-gé sì yínmú sí i.

"Bàbá, kí ni mo ṣe fún yín?" obìnrin náà béèrè.

"Èmi?" Ẹnu yà á. "Mo kàn ń wò ọ́ ni. Mi ò ṣe nǹkan kan." Kó tó sọ ọ́ tán, ẹnu rẹ̀ tún ká, ọwọ́ rẹ̀ tún fò.

Ìyá Aránṣọ wo ojú ọkọ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti jọ wà; ó mọ ojú rẹ̀ nígbà tó bá ń parọ́, èyí kì í ṣe é. Ọkùnrin yìí kò mọ̀ pé òun yínmú. Bóyá kò sì tíì mọ̀ ọ́n rí láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Aránṣọ sáré jáde, bàtà rẹ̀ kan sì kù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ó bá dókítà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, òun àti Ẹ̀gbọ́n tó ń buwọ́ lu ìwé.

"Dókítà, ẹ má bínú. Ohun kan wà tí mi ò sọ." Ó gbé ojú kúrò lára Ẹ̀gbọ́n. "Ó ń yínmú sí mi."

Ẹ̀gbọ́n fajú ro. "Ìyàwó, ṣé ibí ló yẹ ká ti máa sọ ìyẹn?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, sà," dókítà ní. "Báwo ni wọ́n ṣe ń yín in?"

Níwájú gbogbo àwọn tó jókòó síbi tí wọ́n ti ń dúró de nọ́ọ̀sì, Ìyá Aránṣọ yín in. Ó ká ẹnu sí òsì, ó ju ọwọ́ òsì sókè, ó sì dá ojú padà.

"Àtẹnu àtọwọ́? Lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Lẹ́ẹ̀kan náà."

"Ìgbà mélòó lójúmọ́?"

"Níjọ́sí mo kà á dé ọgbọ̀n. Inú wá bí mi, mo dáwọ́ kíkà dúró."

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ síbi bẹ́ẹ̀dì, ó fa àga, ó gbé fóònù rẹ̀ sójú Gé-má-tún-gé láti ya fídíò, ó sì ń dúró. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó rí i lẹ́ẹ̀mejì.

"Yínmú kọ́ nìyí, Ìyá," ó ní. "Gìrì ni. Gìrì kékeré tó ń mú ojú àti ọwọ́ pọ̀."

Ó jókòó, ó ṣàlàyé fún wọn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wà nínú ara èèyàn tó ń bá àìsàn jà. Nígbà mìíràn wọ́n á ṣi ọpọlọ mú fún ọ̀tá, ọpọlọ á sì wú, bí ìgbà tí ajá tí a fi ń ṣọ́lé bá bẹ̀rẹ̀ sí í bu onílé jẹ. Ìgbàgbé, rírí ohun tí kò sí, iyọ̀ tó lọ sílẹ̀, ibì kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Àyẹ̀wò tí yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ á gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní dúró dè é kí òun tó bẹ̀rẹ̀ oògùn.

"Ṣé ọkọ mi máa padà?"

"Ọ̀pọ̀ wọn ló ń padà, bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè ṣèlérí pé gbogbo nǹkan ló máa padà, Ìyá."

Ìyá Aránṣọ jókòó sẹ́bàá ọkọ rẹ̀, ẹkún gbọ̀n ọ́n, ẹ̀rín sì gba ẹkún náà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. "Ẹ forí jì mí," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń yínmú padà sí aláìsàn."

"Aláìsàn wo?" ọkọ rẹ̀ béèrè. Àánú aláìsàn náà ṣe é gidigidi.

Ọjọ́ márùn-ún ni oògùn fi ń kán wọ inú iṣan rẹ̀, wọ́n sì wá kó oníhóró fún un. Ìyá Aránṣọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kò bínú mọ́. Ọgbọ̀n di mẹ́wàá, mẹ́wàá di mẹ́ta, ó sì di ọjọ́ kan tó kà títí ilẹ̀ fi ṣú tí kò rí ẹyọ kan. Ìgbàgbé kò tètè lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé tó sì bá ọ̀rọ̀ dókítà mu, Ẹ̀gbọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò tọrọ àforíjì, kì í ṣe irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ó kàn yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù nínú àpò, ó fi lé ìyàwó àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní ilẹ̀kùn náà ń fẹ́ epo.

Nínú oṣù kẹrin lẹ́yìn tí wọ́n tì í pa ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù padà. Oṣù kan odindi ti fò kúrò lórí Gé-má-tún-gé, kò rántí rẹ̀ rárá, oògùn kò sì tíì tán. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ó rí ẹsẹ̀ òsì méjèèjì níbi tí ìyàwó rẹ̀ tọ́jú wọn sí.

"Ta ló gé e?"

"Ẹ̀yin ni."

Ó yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní. "Ó mọ́ o," ó ní. "Ojú ibi tí wọ́n gé dára. Ẹlẹ́sẹ̀ òsì méjì ni kó wá rà á."

Ó tẹ́ aṣọ onílà tuntun, ó fi páálí lé e, ó gé ẹsẹ̀ òsì. Àlùmọ́gàjí rẹ̀ kò gba ojú kan lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó dúró, ó gbé ọwọ́ lé páálí, ó ń wò ó. Ìyá Aránṣọ dúró lẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kún un lẹ́nu. Ó rántí ohun tó sọ lójú oníbàárà lọ́jọ́sí, ó sì pinnu pé òun kò ní sọ nǹkan kan. Bó bá gé òsì méjì, kó gé e. Aṣọ pọ̀ lọ́jà.

Ọkọ rẹ̀ dojú páálí dé. Ó gbé ọwọ́ òsì tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, ó gbójú sókè, ó sì rí i pé ìyàwó òun ń ṣọ́ òun. Ó yínmú sí i.

Ojú Ìyá Aránṣọ sáré lọ síbi ọwọ́ òsì ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ náà tẹ́ pẹrẹsẹ lórí aṣọ, ìka kan kò mì. Ó tún wo ojú ọkọ rẹ̀: imú rẹ̀ ṣì ká bẹ́ẹ̀, ó dá a dúró síbẹ̀ kó lè rí i dáadáa, ẹ̀rín sì ti ń yọ lójú rẹ̀. Ó ń pẹ̀gàn òun ni. Ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ yín in ni.

Inú Ìyá Aránṣọ dùn débi tí ojú rẹ̀ fi kún fún omi. Ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó ká ẹnu àti imú pọ̀, ó sì yín tiẹ̀ padà, èyí tó gùn, tó sì kún ju ti ọkọ lọ.