Pèrègún Erékùṣù

Gbogbo ọjà Makun ló gbọ́ ohùn Lásúnkànmí lọ́jọ́ tó nàka sí Sàfúrátù, opó ará Ibido: "Olè obì rèé! Ẹ wò ó dáadáa!"

Igi obì kan ló dájà sílẹ̀. Erékùṣù kékeré àárín odò Ìbù, ìdílé Lásúnkànmí ló ni apá kan, ìdílé ọkọ Sàfúrátù ló ni ìkejì. Pèrègún ni wọ́n fi ń pààlà. Àmọ́ pèrègún méjì ló wà níbẹ̀, igi obì sì dúró sáàárín wọn. Tó bá jẹ́ ti ọ̀hún ni ààlà, Lásúnkànmí ló lobì. Tó bá jẹ́ ti ìhín, Sàfúrátù ni.

Lásúnkànmí bá kó àwọn àgbà àti ìyá rẹ̀ lọ wò ó. Ọkọ̀ Sàfúrátù nìkan ló wà létí odò, obìnrin náà ló sì fi gbé wọn kọjá.

"Àlọ nìkan o," Lásúnkànmí ń lọgun. "Tá a bá ń bọ̀, n ò ní bá olè wọkọ̀ kan náà!"

Bàbá Fákáyọ̀dé, àgbà wọn, fọwọ́ pa pèrègún ọ̀hún. "Èyí ló dàgbà jù. Ó jọ pé Lásúnkànmí ló jàre."

Lásúnkànmí bẹ́ sókè, ó ń jó, ó ń ta iyanrìn sí wọn lára. "Ẹ̀rí ṣì ń bọ̀! Ìyá mi, ta ló gbin pèrègún yìí?"

Ìyá rẹ̀ tẹjú mọ́ igi náà. "Èmi ni."

"Ẹ gbọ́!"

"Èèkàn ewúrẹ́ mi ni. Mo rì í mọ́lẹ̀, mo so ewúrẹ́ mọ́ ọn, àfi bó ṣe hù."

Ijó dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Sàfúrátù bú sẹ́rìn-ín.

"Ti ìhín ńkọ́?" Bàbá Fákáyọ̀dé bi í.

"Èèkàn mi náà ni. Ewúrẹ́ yẹn jẹ koríko ọ̀hún tán, mo bá so ó síhìn-ín."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Sàfúrátù.

"Ààlà gidi wá dà?"

"Omi ti gbé e lọ kí n tó bí Lásúnkànmí. Èmi àti ìyá ọkọ Sàfúrátù la jọ gbin obì yẹn, a jọ ń ká a. Ta lẹ wá ń pè lólè?"

Wọ́n wọkọ̀. Lásúnkànmí nìkan ló kù lórí iyanrìn, kò sì mọ odò wẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ wọkọ̀ o," ni Sàfúrátù wí. "Àbí ẹ fẹ́ lúwẹ̀ẹ́?"

Ó wọkọ̀. Ó gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wa ọkọ̀ náà, kò gbójú sókè.

"Ẹ rọra o, Bọ̀dá. Olè lẹ gbé."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dun Lásúnkànmí jù.

"Lásúnkànmí," ìyá rẹ̀ pè é. "Ọjà Makun ń bọ̀ lọ́tùúnla. Ohùn tó o fi pè é lólè, òun náà ni wàá fi bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. N ò fẹ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ o."

Lásúnkànmí yanu. Ohùn ọ̀hún ò jáde.