Ẹnu Wíwọ́ Àtùpà Marlys

Bí ẹ̀rọ náà ṣe han gooro bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dì mú, Marlys Tesch ti mọ̀ pé ó ti bàjẹ́ kí ó tó gbójú sókè. Ó sáré tẹ bọ́tìnnì pupa. Ariwo dá. Lẹ́búlẹ́bú igi rọra ń balẹ̀ nínú gáréèjì bí ìyẹ̀fun tí èèyàn gbọ̀n nù lára aṣọ. Eyín ẹ̀rọ, irin kékeré tí ń yí bí òòyì tí ó sì ń gé pákó, ti la igi ṣẹ́rì já, ó ti ya wọ tábìlì irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì kán sínú ibẹ̀.

"Ìwọ ẹran yìí," ni Marlys sọ fún ẹ̀rọ. "Igi ni mo gbé fún ọ, tábìlì lo ń jẹ."

Verlyn, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, jókòó sórí garawa tó dojú dé létí ilẹ̀kùn, ó ń mu kọfí. Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ láràárọ̀ nìyẹn láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì.

"Ta ló pa eyín rẹ̀ dà?"

"Èmi ni."

"Nígbà tí o pa á dà tán, ṣé o fi ojú igi hàn án?"

Marlys fi ọwọ́ gbá lẹ́búlẹ́bú igi kúrò lójú tábìlì. Kọ̀mpútà tó ń darí ẹ̀rọ náà kò lójú. Bí èèyàn bá pa eyín dà, tuntun lè gùn ju ti àná lọ, àfi kí onítọ̀hún rọra sọ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi kan ojú igi fẹ́rẹ́, kí ó sì sọ fún kọ̀mpútà pé ibí ni igi ti bẹ̀rẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹni tó bá gbàgbé ìṣẹ́jú kan yẹn, ẹ̀rọ á gbẹ́ ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ omi. Marlys fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri, lẹ́tà rẹ̀ tó ìka ọwọ́.

Verlyn yíjú sí ògiri, ó kà á jáde bí ọmọ ilé-ìwé: "Fi ojú igi hàn án." Ó mu kọfí díẹ̀. "Ìyàwó wa, ìwọ lo kọ ọ́ ni, àbí ẹ̀rọ ló kọ ọ́ fún ọ?"

"Verlyn, bí o bá ti mu kọfí rẹ tán, ilé rẹ ò jìnnà."

"Kò tíì tán."

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá jẹ́ pákó ọjà lásán ni, Marlys ì bá ṣépè, kí ó sì mú òmíràn. Ṣùgbọ́n igi ṣẹ́rì yìí, Orrin ọkọ rẹ̀ ló gé e lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀, òun ló là á, òun ló tò ó sókè àjà láti gbẹ fún ọdún mọ́kànlá. Ó kù díẹ̀ báyìí. Ohun tó sì fẹ́ fi igi náà ṣe kì í ṣe ohun tó lè dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Ọdún méjìlélógún ni Orrin fi ta àtùpà onígi nídìí igi mépù ńlá tó wà láàárín ìlú Bram Creek, ní Sátidé tó ṣáájú Halloween. Àtùpà onígun mẹ́rin ni, ojú tó ń rẹ́rìn-ín wà lára ìhà kọ̀ọ̀kan bíi ti elégédé tí wọ́n máa ń gbẹ́ ojú sí fún àjọ̀dún náà. Ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni Orrin fi ń gé e, eyín inú ẹnu àwọn ojú náà sì máa ń tò gbọọrọ bí òwú tí wọ́n fà. Marlys ló ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, tó ń fi sanpépà bó o, tó ń de gílóòbù mọ́ ọn nínú. Kò sí ilé kan ní òpópónà wọn tí kì í gbé ọ̀kan síta lálẹ́ Halloween, tí àwọn ọmọdé máa ń ti ilé dé ilé tọrọ ìpápánu. Nígbà tí Orrin kú, Marlys gbìyànjú láti di ayùn náà mú. Làkúrègbé ti ká ìka rẹ̀ bíi gbòǹgbò atalẹ̀. Ó ta ọkọ̀ ojú omi tí Orrin fi ń pẹja, ó ra ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó gbé fóònù síwájú, ó ń wo àwọn tó ń lò ó, ó ń bú wọn nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn yá jù, ó sì tún ń padà sẹ́yìn wò ó, títí ó fi mọ̀ ọ́n.

Wàhálà wá dé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ọjà. Lẹ́tà ni wọ́n fi ránṣẹ́, bí ẹni pé wọn kò mọ ilé rẹ̀. Gwen Lindqvist, alága, ló fọwọ́ sí i. Ó ní ó ti dé etígbọ̀ọ́ ìgbìmọ̀ pé ẹ̀rọ ló ń ṣe àtùpà Ìyáàfin Tesch. Ó ní òfin ìdí igi mépù ni pé iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Kí Ìyáàfin Tesch gbé àtùpà kan wá ní Ọjọ́bọ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn á fún ẹlòmíràn ní àyè náà.

Àyè Orrin. Àyè tí gbòǹgbò igi náà fi ṣe ibi ìjókòó, tí Orrin fi ọ̀bẹ ha lẹ́tà orúkọ àwọn méjèèjì sí.

"Ọjọ́bọ̀ jẹ́ ọ̀la," ni Verlyn sọ. "Ojú mélòó lo ti gé?"

"Mẹ́ta."

"Mẹ́rin sì ni igun àtùpà."

"Mo dúpẹ́, olùkọ́ ìṣirò."

Eyín ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó kù ti kán sínú tábìlì, òmíràn kò sì lè dé kí ó tó di Ẹtì. Marlys dúró títí kọfí Verlyn fi tán ní tòótọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé àpótí irinṣẹ́ Orrin sílẹ̀, ó mú ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ jáde, ó fi gbogbo ọwọ́ dì í mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ojú kẹrin.

Odidi ọ̀sán ló fi gé e. Ayùn ń tọ ibi tó wù ú. Ojú òsì tóbi ju ti ọ̀tún lọ. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi ti ẹni tó jẹ ọsàn kíkan. Nígbà tó kù eyín kan ṣoṣo láti gé, igi ṣẹ́, ìdajì eyín náà já bọ́. Marlys wo ìdajì eyín náà nílẹ̀, ó wo ìka rẹ̀ tó ti wú, ó sọ ohun kan tí ìyá rẹ̀ ì bá nà án fún. Ó lẹ ojú kẹrin náà mọ́ àwọn mẹ́ta yòókù bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, Gwen àti àwọn méjì mìíràn jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn nínú ilé ìkàwé. Gwen àti Marlys jọ ka ìwé ní kíláàsì kan náà ni, láti ìgbà náà sì ni Gwen ti máa ń di kọ́kọ́rọ́ gbogbo nǹkan mú bí ọ̀gá. Ó gbé àtùpà, ó yí i. Ó wo ìhà kìn-ín-ní, ó yọ ẹnu síta. Ó wo ìkejì, ìkẹta.

"Ó mọ́ jù," ló sọ. "Kò lẹ́mìí."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Orrin ṣe máa ń mọ́."

"Ọwọ́ Orrin ni ti Orrin." Ó yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dúró. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó fi ìka tọ ẹnu wíwọ́ náà, ó tọ eyín tó ṣẹ́. "Òun rèé. Ẹ wò ó. Ẹ wo bí ẹnu yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́ ọwọ́."

"Èyí ni wọ́n ń pè ní làkúrègbé, Gwen. Mo bà á jẹ́ ni."

"Ìwọ ò mọ ohun tí o ní."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ gé mẹ́ta, èmi gé ọ̀kan, mi ò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn aṣọ ìbora alábùlẹ̀ tí ìwọ ń tà, ṣé eyín rẹ lo fi ń ti abẹ́rẹ́ ni? Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń gba iná ni mo rí nílé rẹ."

Ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ wúkọ́. Gwen kò ṣẹ́jú.

"Ìyẹn yàtọ̀. Ọwọ́ mi ló ń darí aṣọ."

"Ọwọ́ ta ló ń darí ẹ̀rọ tèmi, ọwọ́ Bàbá Kérésì?"

"Marlys," ni Gwen wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi bọ́tà, èyí tó tún bí Marlys nínú ju ìbínú lọ, "ṣe gbogbo rẹ̀ bí ìhà kẹrin yìí, àyè náà di tìrẹ. Ogójì, bí ti ọdọọdún. Kò sóhun tó le níbẹ̀."

Kò sóhun tó le níbẹ̀. Marlys fi ọ̀rọ̀ náà wakọ̀ délé. Ìhà mẹ́rin lọ́nà ogójì jẹ́ ọgọ́jọ. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó gé, kò sì tíì lè fi ọwọ́ náà ṣí ìgò.

Ọjọ́ kejì ni eyín tuntun dé. Marlys gbé àtùpà sórí tábìlì, ó ya fọ́tò ìhà kẹrin, ó gbé fọ́tò náà sínú kọ̀mpútà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ipasẹ̀ rẹ̀: ojú òsì ńlá, ojú ọ̀tún kékeré, ẹnu wíwọ́, eyín tó ṣẹ́. Kò fi ohunkóhun sílẹ̀. Ó ti eyín bọ ẹ̀rọ. Ó ka ògiri. Ó fi ojú igi hàn án. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ̀rọ tó ti fi oṣù méjì bá a jà lórí ẹnu títọ́ wá gbẹ́ ẹnu wíwọ́ bí ẹni tó ń jẹ àkàrà. Kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Igi Orrin tán, ó lo pákó ọjà. Ẹ̀rọ ń gé, Marlys ń bó, Verlyn ń lẹ̀, nítorí Marlys ti gba ife ọwọ́ rẹ̀, ó fi ìgò gọ́ọ̀mù dípò. Títí di òru mọ́jú Sátidé ni.

"Ìyàwó wa," ni Verlyn sọ, ó gbé méjì sókè, "o ti kọ́ ẹ̀rọ ní àṣìṣe."

"Òun náà ti kọ́ mi ní tirẹ̀. A ti ṣe é ní dọ́gba."

Ní Sátidé, ewé mépù pupa ń já bọ́ sórí tábìlì, òórùn sọ́séèjì sísun gba gbogbo àárín ìlú. Kò tíì pé wákàtí kan tí Gwen fi kó àwọn obìnrin mẹ́rin wá láti ìlú kejì, ó ń fi wọ́n yangàn bí ẹni tó fúnra rẹ̀ gbẹ́ igi.

"Ẹ wo ọwọ́ yìí," ló ń sọ. "Mo sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ kò lè ṣe èyí láéláé. Mo lè mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà di ọwọ́ Marlys mú. "Ẹ mà ń rọ́jú o. Gbogbo eléyìí, pẹ̀lú ìka yìí?"

Ohun tí Marlys yóò sọ kò pọ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni" lásán. Kí ó mi orí, kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó máa jókòó sórí gbòǹgbò yìí títí ikú. Ó ṣí ẹnu láti sọ ọ́. Ojú rẹ̀ bọ́ sára lẹ́tà orúkọ Orrin lára igi. Ọdún méjìlélógún tí ọkùnrin náà fi gé eyín gbọọrọ gbọọrọ, Gwen kò mú àlejò kankan wá wò ó. Ìbàjẹ́ òun wá ni wọ́n ń fi yangàn.

Ó mú àtùpà kan, ó gbé e síwájú Gwen. Ó mú èkejì, ó gbé e tì í. Ó mú ẹ̀kẹta.

"Gwen, ìwọ tó mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn. Ọ̀sán rèé. Wá eyín tó ṣẹ́ fún mi."

Gwen wo ti àkọ́kọ́. Ó wo èkejì. Ìdajì eyín kan náà, níbì kan náà, gígé kan náà. Ó yí ẹ̀kẹta po lẹ́ẹ̀mẹrin, àwọ̀ ọrùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ti ewé mépù.

"O tàn wá jẹ."

"O ní kí n ṣe gbogbo rẹ̀ bí ìhà kẹrin. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ni mo ṣe é. Èmi ni mo bà á jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rọ kàn rántí ni."

Kò tó ìdajì wákàtí tí wọ́n fi ní kí ó kó ẹrù. Àyè kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù wà ní ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oníke mẹ́fà tí wọ́n gbé wá fún ọjà. Verlyn fi kẹ̀kẹ́ ẹrù ti àwọn àtùpà náà lọ, kò ṣàwàdà kankan, èyí sì mú kí Marlys mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dun òun náà. Wọ́n fún ẹni tó ń ta ọṣẹ ní ìdí igi mépù. Ó ti gbé agbọ̀n ọṣẹ lé orí orúkọ Orrin.

Marlys jókòó sínú òórùn yẹn láti ọ̀sán, ó ń bínú. Ó bínú sí Gwen, ó bínú sí ẹnu ara rẹ̀, ó bínú sí Orrin tó kú láìkọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ẹnu mọ́. Nígbà tí ojú ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó tan gílóòbù gbogbo wọn nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe. Ogójì ẹnu wíwọ́ bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà níwájú ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ẹni tó bá sì tò fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò rí nǹkan mìíràn wò.

Bàbá kan tó ń fi ẹsẹ̀ kan lé èkejì ló kọ́kọ́ bèèrè. "Ta ló ṣe é?"

"Èmi àti ẹ̀rọ mi."

"Kí ló dé tí ẹnu rẹ̀ fi wọ́?"

"Èmi ni ìyẹn."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Ó jọ ìyàwó mi bí mo bá pẹ́ dé. Bá mi mú ọ̀kan sílẹ̀, mò ń bọ̀, ó kàn mí." Ó wọlé. Ó sì padà wá ní tòótọ́.

Nígbà tí Verlyn gbé kọfí dé, ó ku mẹ́sàn-án lórí tábìlì. "Ọlọ́ṣẹ ò tíì ta tó yẹn," ló wí.

"Mi ò bèèrè nípa ọlọ́ṣẹ."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń sọ ọ́ ni." Ó gbé ife lé e lọ́wọ́. "O lè mi orí, ìyàwó wa. Lẹ́ẹ̀kan péré."

"Mo mọ̀."

Kò sí ìtura kankan nínú rẹ̀. Igi mépù ṣì dúró lọ́ọ̀ọ́kán, iná ọlọ́ṣẹ ń tàn lábẹ́ rẹ̀, Gwen sì wà lórí àga alága rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Marlys bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó gbé àtùpà tí kò tà jáde, èyí tí a fi igi ṣẹ́rì ṣe, tó ní ìhà mẹ́ta tó tọ́ àti ẹyọ kan tó wọ́. Ó tan án. Ó gbé e sí etí tábìlì níbi tó ga jù. Ó kọ ìhà mẹ́ta tó jọ ti Orrin sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì kọ ẹnu wíwọ́ náà sí Gwen.