Ọjọ́ Tí Mo Rí Afẹ́fẹ́

Tísà kan ló ní kí a kọ ojú ewé kan nípa afẹ́fẹ́. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo kọ gbólóhùn kan ṣoṣo, pé afẹ́fẹ́ kò ṣe é rí, mo sì gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀. Ó bi mí pé níbo ni ìyókù wà. Mo ní kò sí ìyókù, pé ohun tí ojú kò rí, kí ni èèyàn fẹ́ kọ nípa rẹ̀? Ó nà mí. Mo kó ìwé mi, mo lọ sílé, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Títí dòní, bí mo bá pàdé ẹnikẹ́ni nínú ìdílé tísà yẹn lójú ọ̀nà, òdìkejì títì ni mo máa ń gbà.

Ṣùgbọ́n mo ti wá rí afẹ́fẹ́. Ẹ̀gbẹ́dá níbí ni mo ti rí i.

Ọdún tí ìjọba fi owó Údójì kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ni mo kan páànù sórí ilé mi. Iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ni mò ń ṣe. Wọ́n ń kọ́ ilé ìjọba lọ́nà Ìpájà, èyí tí gbogbo ayé wá ń pè ní Gowon Estate, gbogbo ẹni tó bá sì ti rí owó díẹ̀ mú lọ́wọ́ ló ń kọ́ tirẹ̀. Èmi náà kọ́ tèmi. Mo gbé ògiri rẹ̀ ga ju ti gbogbo àdúgbò lọ, mo fi páànù tuntun bò ó, páànù tó ń kọ mànà nínú oòrùn débi pé ẹni tó ń ti Ṣàṣà bọ̀ á ti máa fọwọ́ bojú kí ó tó kọjá Akọ̀wọ́njọ.

Àmúsà ni aládùúgbò mi. Télọ̀ ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé rẹ̀ wà níhà ìwọ̀ oòrùn ilé mi, ilé kékeré tó lọ sílẹ̀, igi ọdán ńlá kan sì wà láàárín wa, lórí ààlà gan-an. Kò sí ẹni tó gbìn ín nínú wa. A bá a níbẹ̀ ni. Abẹ́ rẹ̀ ni Àmúsà gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń jókòó sí, ibẹ̀ náà ni ó ń so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́. Tèmi nínú igi náà ni ewé. Ewé rẹ̀ ń já sórí páànù mi, ó ń dí ọ̀nà tí omi òjò ń gbà wọnú àgbá. Bí atẹ́gùn díẹ̀ bá fẹ́, ẹ̀ka rẹ̀ á máa ha páànù bí ẹni ń fi ọbẹ ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mo ní kí Àmúsà jẹ́ kí a gé e. Ó ní òun ò gé e. Ọjọ́ yẹn ni mo dẹ́kun kíkí i.

Wàsílátù ìyàwó mi kò bá mi dá sí i. Òun àti Ràbíátù, ìyàwó Àmúsà, jọ ń ponmi, wọ́n jọ ń gúnyán. Èmi àti Àmúsà nìkan ni a kì í bára wa sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wá di dandan, ewúrẹ́ rẹ̀ ni ó máa ń bá sọ ọ́ kí n lè gbọ́. Lọ́jọ́ kan, kò tíì pẹ́ tí mo kan páànù tán, ó fi ẹsẹ̀ dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, ó yíjú sí ewúrẹ́ náà.

"Ìwọ ewúrẹ́ yìí, ẹni tí búlọ́ọ̀kù kún àgbàlá rẹ̀ báyìí, ṣé kò lè gbé díẹ̀ lé páànù ni, àbí ó fẹ́ kí afẹ́fẹ́ wá bá òun gbé e lọ?"

Bẹ́ẹ̀ òótọ́ ló sọ. Kò sí ilé kan lọ́nà wa nígbà náà tí búlọ́ọ̀kù tàbí táyà ògbólógbòó kò sí lórí páànù rẹ̀. Èmi náà ti ní in lọ́kàn, mo tilẹ̀ ti to tèmi sídìí àkàbà. Ṣùgbọ́n bí Àmúsà ti sọ ọ́ báyìí, mo kó wọn padà sáàyè wọn. Mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ Àmúsà lé orí ilé mi.

Mo lọ bá bàbá tó ta ilẹ̀ fún àwa méjèèjì. Bàbá náà ní, "Ṣóbọ̀wálé, bí igi bá ń da ilé rẹ láàmú, gé e. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí télọ̀ rán aṣọ Ọdún Àjíǹde tán ná." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo bá àwọn tó ń fi ayùn la igi ṣàdéhùn, wọ́n ní lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó bá tẹ̀ lé ọdún ni àwọn á dé. Ó dé etí Àmúsà. Kò bá ewúrẹ́ sọ nǹkan kan. Ó kàn ń ránṣọ lọ, kò gbójú sókè. Ràbíátù wá bẹ Wàsílátù pé níbo ni ọkọ òun fẹ́ gbé ẹ̀rọ sí nínú oòrùn, Wàsílátù sì wá bẹ èmi. Mo ní kí wọ́n lọ bẹ igi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ọdún ni ìjì náà jà.

Ọ̀sán ni. Ooru ti mú láti òwúrọ̀, sìmẹ́ńtì ń lẹ̀ mọ́ mi lára. Mò ń lu búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ nígbà tí mo kíyè sí i pé mo ń gbọ́ èémí ara mi. Ọdán tí kì í dákẹ́ ti dákẹ́. Ewé kan kò mì lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ Àmúsà náà ti dúró. Ewúrẹ́ dìde nílẹ̀, ó kọjú sí ìlà oòrùn, kò jẹun, kò ké. Àwọn lékeléke wá kọjá lókè wa, wọ́n ń sá lọ sí ọ̀nà Ìgándò, wọ́n pọ̀ bí aṣọ funfun tí ẹnì kan ń fà kọjá lójú ọ̀run, ọ̀kan nínú wọn kò sì dún.

Mo wo ọ̀nà Ṣàṣà. Ohun kan dúró níbẹ̀ tó ga ju gbogbo nǹkan tí mo ti rí lọ. Òkè rẹ̀ dúdú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ pupa, ó gùn láti ibi tí ojú mi mọ lápá ọ̀tún dé ibi tí ojú mi mọ lápá òsì. Erùpẹ̀ pupa ni, gbogbo erùpẹ̀ tí katakátà ti tú sílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń la títì. Ó ń rìn bọ̀. Àwọn ọ̀pẹ tó wà níwájú rẹ̀ ṣì dúró ṣánṣán bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Bó bá sì kàn wọ́n, wọ́n á tẹ̀, ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan, bí àwọn tó ń kírun ní yìdí ṣe ń tẹ̀ nígbà tí lèmọ́mù bá ti wí. Mi ò gbọ́ ariwo kankan. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn, pé ohun ńlá bẹ́ẹ̀ ń bọ̀, kò sì tíì dún.

Wàsílátù jáde. Ó ti pọn ọmọ wa kékeré, ó di Kẹ́mi àkọ́bí wa lọ́wọ́ mú.

"Bàbá Kẹ́mi, ẹ jẹ́ ká lọ sílé Bàbá Télọ̀. Ilé tiwọn lọ sílẹ̀."

Mo ní kò sí ìjì tó lè mú mi wọ ilé Àmúsà.

"Ṣé kí n fi ọmọ sábẹ́ páànù tí ẹ ò gbé nǹkan kan lé? Ìjà yín kọ́ ni tèmi jàre."

Wọ́n sáré gba abẹ́ ọdán kọjá. Ràbíátù ṣílẹ̀kùn fún wọn, ó sì tì í. Èmi náà wọ ilé mi, mo ti tèmi, mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ká ọwọ́ mọ́ àyà.

Ariwo dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú fèrèsé pọ́n, ó wá ṣókùnkùn. Ilé náà kò tíì ní sílìǹ, páànù ni mo ń wò lókè orí mi, mo sì rí i tó ń mí. Ó ń wú, ó ń rọlẹ̀, ó ń wú, ó ń rọlẹ̀, bí ikùn ẹni tó sùn. Lẹ́yìn náà ni ìṣó bẹ̀rẹ̀ sí í fò jáde, pó, pó, láti igun kan dé igun kejì. Mo dìde, mo na ọwọ́ sókè. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ọwọ́ yẹn ṣe.

Ìmọ́lẹ̀ yọ yí ògiri ká. Gbogbo òrùlé náà, tòun ti igi tí a kàn án mọ́, gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, kò ya, kò fọ́. Ó dúró lókè mi. Mo ní ó dúró, ẹ gbà mí gbọ́. Bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣí ìdérí ìkòkò kí ó lè wo ohun tó ń hó nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ṣe ṣí ilé mi, mo sì dúró nísàlẹ̀ bí ẹran kékeré kan nínú ọbẹ̀. Àwọn àpò sìmẹ́ńtì òfìfo tí mo kó jọ sí àgbàlá ti gòkè, wọ́n ń yí po lójú ọ̀run. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá yà sí, wọ́n á yà síbẹ̀. Ibi tó bá ti tẹ̀, wọ́n á tẹ̀. Mo rí apá rẹ̀, mo rí ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí bó ṣe ń ká ara rẹ̀ jọ tó tún ń nà. Ó tóbi, ó lẹ́wà, kò sì mọ̀ pé mo wà láyé. Gbogbo ìbínú tí mo ti ń tọ́jú láti kékeré, mi ò rí ibi tí mo lè gbé e sí níwájú rẹ̀.

Ìgbà náà ni òrùlé yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn.

Mo sáré dé ojú fèrèsé. Ó ti kọjá orí ògiri mi, ó ń lọ tààrà sórí ilé kékeré tí Wàsílátù àti àwọn ọmọ mi wà nínú rẹ̀. Páànù Àmúsà ti gbó, kò lè gba òkúta, ká má tíì wá sọ odidi òrùlé. Mo lanu kí n pè wọ́n, afẹ́fẹ́ kó ohùn mi lọ.

Ọdán gbà á. Òrùlé náà já lu àárín ẹ̀ka rẹ̀, igi sì tẹ̀ lọ, ó tẹ̀ títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilé Àmúsà. Mo rí gbòǹgbò rẹ̀ tó ń gbé ilẹ̀ sókè. Afẹ́fẹ́ ń tì í, òrùlé mi ń lù ú, ewé ń já lára rẹ̀ bí ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n ń tu. Igi tí mo ti ń retí kó wó láti ọjọ́ yìí wá ni mo di ojú fèrèsé mú tí mo ń bẹ̀.

"Má fi sílẹ̀," ni mo ń wí. "Jọ̀ọ́, má fi sílẹ̀."

Kò fi sílẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí òjò fi dé, òjò sì pa afẹ́fẹ́ náà rọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ọdán fi gbé orí rẹ̀ sókè padà, tòun ti ilé mi.

Nígbà tí mo jáde, Àmúsà ti wà nísàlẹ̀ igi, omi ń ro lára rẹ̀, ó gbójú sókè. Wàsílátù dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Mo fi ojú kà wọ́n, mo tún wọn kà. Kẹ́mi nawọ́ sókè.

"Bàbá mi, ilé wa ti gun igi."

Àmúsà nu ojú rẹ̀. Ó wá ewúrẹ́ rẹ̀ kàn lẹ́yìn ògiri, ó sì fà á wá sí àárín wa.

"Ewúrẹ́, bá mi bi í, ṣé kí a gé igi yìí kí páànù rẹ̀ lè sọ̀kalẹ̀?"

Mo wo igi náà. Mo wo ewúrẹ́.

"Ewúrẹ́, sọ fún un pé ẹni tó bá fi ayùn kan igi yìí, èmi ni yóò kọ́kọ́ gé."

Ràbíátù bú sẹ́rìn-ín, Wàsílátù sì jókòó sílẹ̀ nínú omi, ó ń sunkún.

Nígbà tí àwọn oníayùn dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, okùn ni mo fi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n gun ọdán, wọ́n ń sọ páànù kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Àmúsà sì ń gbà á nísàlẹ̀. Ó ku ẹyọ kan lókè téńté tí ọwọ́ kò tó. A fi í sílẹ̀.

Mo ti tún òrùlé náà kàn. Wáyà ni mo fi dè é mọ́ ògiri yíká, mi ò gbé búlọ́ọ̀kù lé e. Mo ti sọ fún ewúrẹ́ náà pé bó bá jẹ́ pé búlọ́ọ̀kù wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni, búlọ́ọ̀kù ni ìbá ti já lu ilé wọn, kí ó lọ rò ó. Àmúsà rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ewé ọdán ṣì ń dí ọ̀nà omi mi, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì tíì tán láàárín wa.

Ṣùgbọ́n ẹyọ páànù yẹn ṣì wà lókè ọdán. Bí ìjì bá ń bọ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nígbà tí ohunkóhun kò tíì mì nísàlẹ̀. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, mo máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wàsílátù á kó àwọn ọmọ wọlé, Àmúsà á da aṣọ bo ẹ̀rọ rẹ̀, èmi á sì lọ dúró sídìí ọdán, màá gbé ọwọ́ mi lé e lára, màá kọjú sí ọ̀nà Ṣàṣà, màá máa wo afẹ́fẹ́ bó ṣe ń bọ̀.