Ẹ̀ka Tí A Kì í Dúpẹ́ Rẹ̀

Ní àríwá Finland tí mo fi sílẹ̀ tipẹ́, oòrùn kì í yọ nígbà òtútù. Òdòdó ojú fèrèsé ló ń mú inú ilé mọ́lẹ̀. Lọ́dún tí òtútù pa ti Hilja, ìyá mi, Aune aládùúgbò wa gé ẹ̀ka tirẹ̀ wá fún un.

"Hilja, má dúpẹ́ o. Ẹ̀ka tí a bá dúpẹ́ rẹ̀ kì í hù. Ṣé ẹnu rẹ yìí á gbà?"

"Gbé e sílẹ̀, kí o máa lọ."

Ìyá mi ní tó bá yọ òdòdó, òun á lọ dúpẹ́ dáadáa. Aune kú kí ó tó yọ.

Lọ́jọ́ tó yọ, ìyá mi gbé e sí fèrèsé tó kọjú sí ilé Aune tó ṣókùnkùn. Ó dúró tì í.