Apẹ̀rẹ̀ Ọlọ́wọ́ Òsì

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí ìyàwó Bàbá Aláago kú, ó wá ń wá ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn apẹ̀rẹ̀ tí obìnrin náà hun láyé. Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ín, ó ní kí ọmọbìnrin wọn kó gbogbo rẹ̀ jáde, apẹ̀rẹ̀, ìko, abẹ́rẹ́, ọ̀bẹ, kó kó wọn lọ fún ẹgbẹ́ àwọn ahunpẹ̀rẹ̀. Ó ní bí ìko bá dún báyìí, àyà òun ló ń gún. Ó tún wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kó ti ẹnu àgbà jáde: "Ẹni tó bá tún hun apẹ̀rẹ̀, kó má pè mí ní bàbá mọ́." Ọmọ náà kó ẹrù lọ. Ìgbà tí ilé mọ́ kanlẹ̀ tán ni bàbá rí i pé kò sí nǹkan kan tó kù tí ọwọ́ ìyàwó òun kàn.

Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ti bàbá ló bá a wá a lórí fóònù. Ẹgbẹ́ àwọn ahunpẹ̀rẹ̀ náà ní ìkànnì kan tí àwọn ará òkèèrè ti ń ra iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé òwò tí kò ní ìrẹ́jẹ ni àwọn ń ṣe: oníṣẹ́ á gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ pé, ẹni tó bá sì rajà á mọ ọwọ́ tó ṣe é. Àwòrán apẹ̀rẹ̀ onídèérí kan wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni "Ọlọ́wọ́ Òsì". Orúkọ tí tẹrú tọmọ ń pe ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, torí ọwọ́ òsì ló fi ń hun, apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì máa ń yí sósì láti ìdí dé ẹnu.

"Òun nìyẹn," ni bàbá wí. "Tẹ̀ ẹ́, kí ẹlòmíì tó gbé e."

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ tó fi máa sá."

"Mo ní kó o tẹ̀ ẹ́!"

Onígbàjámọ̀ tẹ̀ ẹ́. Nínú àwọn méjèèjì, kò sẹ́ni tó ka ìlà tíntìntín tó wà nísàlẹ̀, pé ẹ̀yìn ìsanwó ni wọ́n tó ń hun ún. Lójú bàbá, apẹ̀rẹ̀ inú àwòrán ni wọn yóò dì ránṣẹ́, bí ìgbà téèyàn nawọ́ sí ọjà lórí àtẹ.

Ní ọjọ́ kẹta, onígbàjámọ̀ yọjú, abẹ ìfárí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Wọ́n ti kọ̀wé o, bàbá." Ó kà á sókè: "A dúpẹ́ o. Ọlọ́wọ́ Òsì ti bẹ̀rẹ̀ apẹ̀rẹ̀ yín."

Bàbá rọra gbé aago tó ń tún ṣe sílẹ̀. "Ó ti kí ni?"

"Ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àbí Màmá ti di àkúdàáyà ni? Wọ́n á ti tẹ̀dó síbì kan, wọ́n á máa bá òwò wọn lọ ní tiwọn." Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó rí ojú bàbá, ó gbé ẹ̀rín náà mì. "Ẹ má bínú, sà. Ẹnu lásán ni."

Ta ni kò tíì gbọ́ ìtàn àkúdàáyà? Èèyàn á kú, wọ́n á sin ín, á tún dìde lọ sí ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, á máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Bí ará ilé rẹ̀ bá wá a débẹ̀, á pòórá. Bàbá kì í gba irú rẹ̀ gbọ́. Aago ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ohun tó bá dúró, nǹkan ló dá a dúró, kò sí àwámáàrídìí kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, lọ́jọ́ náà, ó gbé àga rẹ̀ kúrò níbi tó ti máa ń kẹ́yìn sílẹ̀kùn, ó lọ fẹ̀yìn ti ògiri. Gbogbo aago inú ṣọ́ọ̀bù ń dún kẹ́ kẹ́ kẹ́, ó dà bí ẹni pé ẹnì kan ń rìn bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwòrán dé. Ìdí apẹ̀rẹ̀ ni, kò tíì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọwọ́ òsì kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bàbá há awò kékeré tó fi ń wo inú aago sójú, ó tẹrí ba lé fóònù. Òsì ló ń yí sí. Awọ dúdú kan sì wà lára àtàǹpàkò rẹ̀, irú èyí tí kì í jẹ́ kí ìko géèyàn lọ́wọ́. Òun ló rán awọ yẹn fún ìyàwó rẹ̀. Ara bẹ́líìtì aago kan tó ti gbó ló ti gé e lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, àwọn ihò bẹ́líìtì náà ṣì wà lára rẹ̀. Ó kà wọ́n. Mẹ́ta ni. Mẹ́ta náà ló yẹ kí wọ́n jẹ́.

"Bóyá ẹlòmíì ló ń lò ó," ni onígbàjámọ̀ wí, kò sí àwàdà lẹ́nu rẹ̀ mọ́. "Ta ló tún ń lo òsì nínú wọn?"

"Kò sí."

"Ọmọ yín ńkọ́?"

"Ọ̀tún lọmọ mi fi ń jẹun, òun ló fi ń kọ̀wé, òun náà ló fi ń gún aláìsàn lábẹ́rẹ́." Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà.

Bàbá kò lè sọ ọ́ fún ọmọ. Ẹ̀rù méjì ló ń bà á pọ̀. Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá lọ, òun á bá ìyàwó òun níbẹ̀, á sì pòórá lójú òun, kó wá di pé ó kú lẹ́ẹ̀mejì. Ó sì ń bẹ̀rù pé òun ò ní bá a.

Lọ́sàn-án Sátidé, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Yàrá ìhunpẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ náà wà ní ìkọjá afárá, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta táyà. Bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn ló gbọ́ ọ: ìko, fìrì, fìrì. Ó dúró. Ó tún gùn ún.

Yàrá náà gùn, àwọn àpótí ìjókòó ṣófo. Àwọn yòókù ti lọ jẹun. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù lójú fèrèsé, ó kẹ́yìn sílẹ̀kùn. Ìborí búlúù tó wé, bàbá mọ̀ ọ́n: ti ìyàwó rẹ̀ ni. Ọwọ́ òsì lọ sókè, ó fà, ó wálẹ̀. Bàbá di òpó ilẹ̀kùn mú. Ó fẹ́ pe orúkọ, ẹ̀rù bà á pé bí òun bá pè é, afẹ́fẹ́ ni yóò kù lórí àpótí. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni ohun tó máa ń sọ nígbàkígbà tó bá tibi iṣẹ́ dé:

"O ò tíì jẹun ni?"

Obìnrin náà ta gìrì. Apẹ̀rẹ̀ já bọ́, ó yí gbirigbiri wá síbi ẹsẹ̀ bàbá. Ọmọ rẹ̀ ni.

Ẹ̀rù tó wà lójú ọmọ ju ti bàbá lọ. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n má pè yín ní bàbá mọ́."

Bàbá wá àpótí kan jókòó sí. "Ọwọ́ òsì yẹn. Báwo ló ṣe jẹ́?"

"Àárín ẹsẹ̀ Màmá ni mo ti kọ́ ọ ní kékeré, màá kẹ́yìn sí wọn, wọ́n á gbé ọwọ́ wọn lé tèmi. Òsì nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bí mo bá fi ọ̀tún dán an wò, á wọ́ bíi fìlà ọ̀mùtí."

"Gbogbo Sátidé tó o ní o wà ní ọsibítù?"

"Ibí ni, sà. Ilé ti dákẹ́ jù."

"Orúkọ òkú lẹ wá fi ń tajà."

"Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní Ọlọ́wọ́ Òsì làwọn oníbàárà ń béèrè. Mo ti fẹ́ bá wọn sọ ọ́..."

"Ẹ ní òwò yín ò ní ìrẹ́jẹ. Òkú kì í hun apẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo rà á. Ṣé o mọ ohun tójú mi rí?"

Ọmọ fọwọ́ bo ẹnu. "Orúkọ onígbàjámọ̀ ni wọ́n fún wa!"

"Ẹ yí orúkọ yẹn padà lónìí." Bàbá na ọwọ́. "Mú awọ yẹn wá."

Ọmọ rò pé bàbá gbà á lọ́wọ́ òun nìyẹn. Ó bọ́ ọ fún un. Bàbá yí i wò, ó wọ̀n ọ́n mọ́ àtàǹpàkò ọmọ, ó ní kó mú abẹ́rẹ́ àti òwú wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òwú kọ ojú abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Ó ṣò ẹ́ lọ́wọ́," ni gbogbo ohun tó sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an wọlé.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, onígbàjámọ̀ tún yọjú, ó dúró lókèèrè kó tó kà á: "Ọmọ Ọlọ́wọ́ Òsì ti parí apẹ̀rẹ̀ yín."

"Tún un kà."

Ó tún un kà. Bàbá dìde, ó gbé àga rẹ̀ padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó kẹ́yìn sílẹ̀kùn, ó sì mú aago tó kàn.